Igi Ọsàn Ọpẹ́yẹmí

Ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ̀fọ́ kì í hù lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kò tíì bá Ìrètí gbélé rí. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ kó garawa ọ̀dà jáde sí bákónì tí àwa méjèèjì jọ ń lò, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, mo bi í pé ṣé oko ló fẹ́ dá sórí bílọ́ọ̀kù ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa wo òun. Mo wò ó lóòótọ́. Kò pẹ́ tí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí mò ń sè kò fi tọjà wá mọ́, tí mo sì gbẹ́nu mi dákẹ́.

Àwáwù ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n Ìyá Fawziyah ni gbogbo àdúgbò mọ̀ mí sí. Ike ni mò ń tà lọ́jà Tìmì: garawa, bàsíà, abọ́, kẹ́ẹ̀gì. Ilé tí à ń gbé ní Ẹdẹ kò jìnnà sí ọ̀nà Pólì. Bàbá onílé ti da kọnkéré sí gbogbo àyíká rẹ̀ títí adìyẹ kò fi rí ilẹ̀ tàn. Wọ́n ní erùpẹ̀ ń dọ̀tí ọkọ̀ àwọn, ọkọ̀ tó jẹ́ pé láti ìgbà tí mo ti dé ilé náà, alángbá nìkan ni mo rí tó gùn ún. Ìrètí sì rèé, ọmọ àgbẹ̀ láti Alájùé ni, kò lè gbélé kó má fọwọ́ kan ilẹ̀. Bó ṣe gbé oko tirẹ̀ gun òkè nìyẹn.

Gbogbo ike tó bá là ní ṣọ́ọ̀bù mi, òun ló ń kó o. Yóò fi irin gbígbóná lu ihò sí ìdí rẹ̀, yóò da òkúta wẹ́wẹ́ sí i kí omi lè ríbi jáde, kó tó wá bu ilẹ̀ dúdú tí bàbá rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti oko lé e lórí. Ewúro wà nínú garawa, ata rodo wà nínú kẹ́ẹ̀gì tó bẹ́ lórí, efinrin wà nínú àpò ìrẹsì. Omi tó fi ṣan ìrẹsì àti omi tó fi fọ ẹja, kò sí èyí tó ń ṣòfò nínú wọn. Daniel ọkọ rẹ̀, tó ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà, kan pákó mọ́ etí bákónì kí nǹkan kan má baà já lu ẹni tó ń kọjá lọ nísàlẹ̀.

Ọdún kẹrin tí wọ́n ṣègbéyàwó ni Ìrètí tó bímọ. Obìnrin ni, wọ́n sọ ọ́ ní Ọpẹ́yẹmí. Ìyá Daniel wá láti Ara, ìlú wọn, láti máa wẹ ọmọ. Màmá Ara ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Àgbẹ̀ ni àwọn náà, ọwọ́ wọn le, ọ̀rọ̀ wọn kò pọ̀. Wọ́n ń wẹ ọmọ lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan ni ìwọ́ rẹ̀ já sí wọn lọ́wọ́. Wọ́n fi òwú wé e, wọ́n ní ó di Ara, pé ilẹ̀ baba ọmọ ni àwọn yóò rì í mọ́, tí wọn yóò sì gbin igi lé e, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe ti Daniel.

Ìrètí kúnlẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ òun. Ó ní bí Ọlọ́run bá jẹ́ kí àwọn kọ́lé, àwọn yóò gbé igi náà lọ síbẹ̀ tòun tiyẹ̀pẹ̀. Màmá Ara wo gbogbo garawa tó tò sí bákónì, wọ́n ní bí ọmọ bá dàgbà tí wọ́n bi í pé níbo ni ìwọ́ rẹ̀ wà, ṣé inú ike Ìyá Fawziyah ni yóò nawọ́ sí. Èmi ni mo kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n gbà níkẹyìn, nítorí wọ́n fẹ́ràn ìyàwó ọmọ wọn ju bí wọ́n ṣe ń fi í hàn lọ. Mo gbé báàfù ńlá kan tí etí rẹ̀ là wá, irú èyí tí a fi ń fọ aṣọ. Màmá Ara fọwọ́ ara wọn ri ìwọ́ náà sínú iyẹ̀pẹ̀, Ìrètí sì gbin ọmọ igi ọsàn wẹ́wẹ́ lé e. Láràárọ̀ ló máa ń pọn Ọpẹ́yẹmí, tí yóò tẹ̀ síwájú báàfù náà, tí yóò máa fi ìka hàn án pé, "Ìwọ rèé."

Ọpẹ́yẹmí kò pé ọmọ oṣù mẹ́fà tó fi kú. Ara rẹ̀ gbóná láàárọ̀, nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti parí. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ọjọ́ náà. Màmá Ara àti àbúrò bàbá Daniel ló gbé òkú ọmọ lọ sí Ara lọ sin. Daniel àti Ìrètí jókòó sílé. Bí a ti ń ṣe é nìyẹn: òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní í sọ fún wọn, àwọn náà kò sì ní í béèrè. Kì í ṣe ti ìgbàgbọ́, kì í ṣe ti ìmàle. Bó o lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bó o lọ sí mọ́sálásí, wàá bá àṣà yìí nílé nígbà tó o bá dé. Wọ́n ní bí òbí bá mọ ibẹ̀, ẹkún rẹ̀ kò ní í tán. Mo máa ń bi ara mi pé ta ló sọ fún wọn pé ó ń tán bí kò bá mọ̀ ọ́n.

Àwọn èèyàn wá kí wọn. Omi ló dànù, agbè kò fọ́, mo gbọ́ ọ títí etí mi fi kún. Ire ni wọ́n fi ń sọ ọ́, òtítọ́ sì ni, ṣùgbọ́n ojú Ìrètí ni mò ń wò, mo sì rí i pé omi tó dànù yẹn gan-an ni òùngbẹ rẹ̀ ń gbẹ ẹ́. Èyí tó bí mi nínú jù ni ti orúkọ. Àwọn tó ń pè é ní Ìyá Ọpẹ́ tàárọ̀-talẹ́ ti padà sí "ìyàwó" kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, bí ẹni pé ìyá ni wọ́n gbé lọ sin. Mo bá ẹnì kan jà lórí ọ̀rọ̀ náà nísàlẹ̀, lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, títí tí bàbá onílé fi jáde sí wa.

Ìrètí pa oko rẹ̀ tì. Tẹ̀tẹ̀ gbó, ó so, ata rọ, èmi ni mò ń bu omi sí èyí tí mo bá rántí. Igi ọsàn nìkan ló ń tọ́jú. Yóò nu ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò tú ilẹ̀ ìdí rẹ̀, yóò yí báàfù náà díẹ̀ kí oòrùn lè kárí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo jáde láti wá ṣe àlùwàlá, mo bá a níbi tó kúnlẹ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí àyà rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ọmọ ti lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún ọmú. Ó ń kún, ó ń ro ó, ó sì di dandan kó fún un dànù. Kò fún un dànù. Ìdí igi ọsàn ló ń fún un sí. Mo fẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ padà sí yàrá, mo sunkún kí n tó kírun.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n wàrà ọmú kì í pamọ́ fún èèrà. Wọ́n tò láti ìsàlẹ̀ ògiri, wọ́n gun òkè, wọ́n wọ inú báàfù náà, wọ́n sì gbélé síbẹ̀. Bí Ìrètí bá ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, mo máa ń bu eérú, mo máa ń da á yí báàfù ká. Bó bá dé, yóò rí eérú náà, kò ní í bi mí ní nǹkan kan. Bí a ṣe ń bá a lọ nìyẹn títí ọyẹ́ fi dé.

Nínú ọyẹ́ yẹn ni Màmá Ara wá kí wọn, tí wọ́n sùn mọ́jú. Ojú àgbà kì í ṣe ojú ọmọdé. Láàárọ̀, lẹ́yìn tí Ìrètí ti jáde, mo bá wọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ìdí báàfù, tí wọ́n ń fi igi tú èèrà. Wọ́n ní, "Òkú ló ń fún lọ́mú, àbí?" Wọ́n nu ọwọ́ wọn mọ́ ìró, wọ́n jẹun, wọ́n kí gbogbo ilé, wọ́n lọ sí Ara.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ti ọjà dé, mo bá Ìrètí tó jókòó sílẹ̀ ní bákónì. Níwájú rẹ̀, eérú funfun ṣe òrùka sílẹ̀, kò sí báàfù nínú rẹ̀. Ayálégbé ìsàlẹ̀ ló sọ fún wa pé Màmá Ara ló gbé kẹ̀kẹ́ Màrúwá wá pẹ̀lú ọkùnrin méjì, tí wọ́n sì fara balẹ̀ gbé igi náà sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí Daniel dé, ó jẹ́wọ́ pé ìyá òun ti bá òun sọ ọ́ lórí fóònù, pé òun gbà, nítorí òun rò pé ara ìyàwó òun yóò balẹ̀ bí kò bá rí i mọ́. Ìrètí kò bá a jà. Ó se oúnjẹ, ó gbé e fún un, Daniel tẹjú mọ́ ọn títí ó fi tutù.

Èmi ni mo gbaná jẹ. Mo ní bó ṣe èmi ni, Ara kò ní í gbà wá lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìrètí ní òun kò bínú pé wọ́n gbé e, pé ilẹ̀ ló tọ́ sí igi, òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní ohun tí òun ń fẹ́ kò ju kí òun máa rí i lọ. Ibi tí wọ́n sin Ọpẹ́yẹmí sí, òun kò ní í béèrè láé. Ṣùgbọ́n igi kì í ṣe òkú, kò sì sí àṣà tó ní kí ìyá má rí igi tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Ọ̀rọ̀ náà tọ̀nà létí mi. Bí Sátidé ọ̀sẹ̀ kejì ṣe dé, tí kò sí iṣẹ́, àwa méjèèjì wọkọ̀ lọ sí Ara.

A bá Màmá Ara níwájú ilé tí wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́. Wọ́n fún wa lómi. Báàfù mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Ìrètí rí i, ó gbójú kúrò níbẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Màmá, igi mi dà?"

Wọ́n ní àwọn ti gbìn ín sílẹ̀, pé ilẹ̀ ibẹ̀ dára, ewúrẹ́ kì í dé ibẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ mú mi débẹ̀ kí n fojú kàn án."

Màmá Ara wo mí, wọ́n tún wo ọ̀bẹ tó wà lọ́wọ́ wọn.

"Mi ò lè mú ọ débẹ̀, ọmọ mi."

Ìrètí lanu láti tún bẹ̀ wọ́n, ó sì pa á dé. Mo ń wo ojú rẹ̀ nígbà tó yé e. Nínú gbogbo ilẹ̀ tó wà ní Ara, ẹyọ kan ṣoṣo ni ìyá ọkọ rẹ̀ kò lè mú un dé. Orí oórì ọmọ rẹ̀ ni wọ́n gbin igi náà sí.

Màmá Ara ní, "Mo rí i pé ò ń fún un lọ́mú. Mo ní ohun tí ìyá rẹ̀ fún un, kò yẹ kó jìnnà sí i."

Ìrètí dojú bolẹ̀ níbẹ̀, nínú èèpo ẹ̀gẹ́. Láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti kú, mi ò tíì gbọ́ kó ké báyẹn. Màmá Ara dìde lórí àpótí, wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n gbé orí rẹ̀ lé itan wọn, àwọn náà ń sunkún. Gbogbo ìbínú tí mo gbé ti Ẹdẹ wá wọ̀ mí lára wọ́ọ́wọ́ọ́, kò rí ẹni tí yóò bà lé. Ta ni mo fẹ́ bá jà? Obìnrin tó gbé igi lọ fún ọmọ ni àbí obìnrin tó ń wá a?

Nígbà tó pẹ́, Ìrètí nujú. Ó ní, "Ìyá Fawziyah kì í ṣe ìyá rẹ̀. Àwọn lè débẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá mi wò ó." Ó jókòó, ó kọjú sí ògiri, ó fi ìborùn rẹ̀ bo orí, kó má baà mọ ọ̀nà tí a gbà.

Kò jìnnà. A gba inú ẹ̀gẹ́ kọjá, a dé ibi kan tí wọ́n gbá mọ́ tónítóní. Ilẹ̀ ìdí igi náà tutù, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bomi rin ín ni. Ṣùgbọ́n igi náà ti wọ́wé tán. Ọ̀pá tínínrín kan ló dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gún rẹ̀, àwọn ewé rẹ̀ ká jọ sílẹ̀ lórí oórì kékeré náà. Mo fi èékánná ha èèpo rẹ̀. Kò sí àwọ̀ ewé kankan lábẹ́ rẹ̀.

Mo bi Màmá Ara léèrè pé kí ló dé tí wọ́n fi tú igi gbìn nínú ọyẹ́, àwọn tí wọ́n ti ń dáko kí n tó dáyé. Wọ́n ní ọyẹ́ nìkan kọ́. Wọ́n ní àwọn gbọn gbogbo iyẹ̀pẹ̀ gbòǹgbò rẹ̀ nù, àwọn sì fi omi fọ̀ ọ́ kí àwọn tó gbìn ín.

"Mo mọ̀ pé a kì í fọ gbòǹgbò igi," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n èèrà kún inú rẹ̀, Ìyá Fawziyah. Ṣé kí n kó èèrà lọ bá ọmọ náà ni?"

Wọ́n ní kí n má sọ ọ́ fún Ìrètí. Wọ́n ní àwọn ṣì ń bomi rin ín láràárọ̀, bóyá Ọlọ́run yóò gbọ́.

Inú ọkọ̀ tí à ń bọ̀ ni Ìrètí ti bi mí bóyá mo rí i. Mo ní mo rí i. Ó ní ṣé ó ti ń rúwé. Mo wo ojú fèrèsé ọkọ̀, mo ní ó ń rúwé dáadáa, pé ilẹ̀ bá a lára mu. Ó gbá ọwọ́ mi mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí a fi wọ Ẹdẹ.

Irọ́ náà wá di iṣẹ́ sí mi lọ́rùn. Nígbàkígbà tí mo bá dágbére Ara láti lọ ra gààrí, yóò ti máa retí mi lórí àkàsọ̀. Mo sọ fún un pé ó ga sí i. Mo sọ fún un pé ó ya ẹ̀ka. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ẹ̀fọ́, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀, Daniel sì ń jẹun tó kún abọ́. Mo wá ń sọ fún ara mi pé irọ́ tó ń mú èèyàn jẹun, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò lè pọ̀ púpọ̀. Ọmú rẹ̀ ti gbẹ ní tirẹ̀ nígbà náà.

Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, ó wá bá mi ní yàrá. Ó ní bí mo bá tún lọ, kí n jọ̀ọ́, kí n já ewé kan ṣoṣo wá fún òun lára igi náà. Ó ní òun fẹ́ fi sínú Bíbélì òun.

Mo lọ. Igi náà ti gbẹ kangbá, ó ti tó fi dáná. Màmá Ara kò tú u, wọ́n ṣì ń bomi sí i. Nígbà tí mò ń bọ̀, mo rí igi ọsàn kan lẹ́yìn ilé ẹnì kan lójú títì, mo bẹ onílé, mo já ewé kan tó tutù yọ̀yọ̀. Èmi tí mò ń ta ike, ewé ọsàn ni ewé ọsàn lójú mi.

Mo gbé e fún Ìrètí ní bákónì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ojú rẹ̀ ń dán. Ó wò ó níwájú, ó wò ó lẹ́yìn, ó fi ọmọ ìka tẹ ìdí rẹ̀ níbi tó ti so mọ́ ẹ̀ka. Ó fún etí rẹ̀ díẹ̀, ó gbé e sí imú. Mo rí i tí ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ewé ọsàn mímu ni mo já fún ọmọ àgbẹ̀ tó gbin ọsàn wẹ́wẹ́, ó sì ti yé e pé bí ewé bá wà lára tirẹ̀ ni, n kò ní í lọ já ti ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn náà, ó fi ewé náà sáàárín Bíbélì rẹ̀, ó pa á dé.

"Ẹ ṣé, mà," ó ní. "Ẹ má wulẹ̀ lọ wò ó mọ́. Ẹ jẹ́ kó máa rúwé bẹ́ẹ̀."

Mo ní ó dáa.